Ta Ló Ti Dá Sí Ọ̀rọ̀ Nínú Kíláàsì Yín Lọ́sẹ̀ Kìíní?

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùkọ́ yunifásítì tó ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin àgbà nínú iṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ́wọ́, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè máa dá sí ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Mo rí i pé àwọn kan ti mú bírò dání láti kọ orúkọ áàpù sílẹ̀. Áàpù ò lè tán láyé, a ó mẹ́nu ba ọ̀kan tàbí méjì. Ohun tí mo gbé wá gan-an kò ju ẹyọ kan lọ: bí ọ̀sẹ̀ kìíní bá parí tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kan nínú kọ́ọ̀sì, tí èèyàn kankan ò sì tíì dá a lóhùn lórí ohun tó ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti ń lọ. Bó bá yá, ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, ẹ ò ní rí òun nínú ìdánwò.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere jù. Lọ́dún 2011, Sebastian Thrun àti Peter Norvig gbé kọ́ọ̀sì kan lórí ọgbọ́n àtọwọ́dá jáde lọ́fẹ̀ẹ́ láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ káàkiri ayé lé ní 150,000. Ariwo sọ, wọ́n ní yunifásítì tó ní ọgbà àti gbọ̀ngán ti fẹ́ kógbá sílé. Nígbà tó di 2019, Justin Reich àti José Ruipérez-Valiente yẹ àkọsílẹ̀ àwọn kọ́ọ̀sì tí Yunifásítì Harvard àti MIT gbé sórí edX, ìkànnì ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wò, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó forúkọ sílẹ̀, 52 ni kò wọ inú kọ́ọ̀sì náà rí. A ò lè ní ẹ̀kọ́ le fún wọn, nítorí wọn ò tilẹ̀ fojú kan ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ lè ní ọ̀fẹ́ ni, pé ohun téèyàn ò fowó rà kì í ká a lára. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tiwa ń sanwó, ẹlòmíì tiẹ̀ ń yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó tó san án, síbẹ̀ wọ́n ń dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tiwọn ní ìtàn.

Ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1974 ni Yunifásítì Èkó ti dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àfìwéránṣẹ́ sílẹ̀. Èyí tí gbogbo wa ń pè ní NOUN, yunifásítì ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ti ìjọba àpapọ̀, ìjọba Ṣàgàrí ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1983, ìjọba ológun tì í pa lọ́dún 1984, ó sì di ìgbà Ọbásanjọ́ kó tó jí padà. Bàbá fúnra wọn lọ ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ títí wọ́n fi gboyè ọ̀mọ̀wé. Ìbàdàn ní ẹ̀ka tirẹ̀, Ifẹ̀ ní tirẹ̀. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí láyé àtijọ́, ìwé gan-an ni olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba ìwé, á kà á lóru nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, á wá jókòó ìdánwò, á padà sílé. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, a sọ ìwé yẹn di PDF, a gbé e sórí pọ́tà, a ní a ti ń kọ́ni lórí ayélujára. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dáńlóòdù PDF náà tó sì jáde, ohun tí a ti kọ́ ọ pé ó ń jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ló ń ṣe. Ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Nígbà tí kòrónà ti ilẹ̀kùn gbogbo pa lọ́dún 2020, àwọn yunifásítì aládàáni sáré bọ́ sórí Zoom. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti ìjọba wà nínú ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, láti oṣù kẹta títí di oṣù kejìlá. Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ni lórí Zoom nígbà náà ò ní gbàgbé. Ẹ ó ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Kẹ́kẹ́ á pa. Ẹ ó tún un sọ. Ẹnì kan ṣoṣo á tẹ "yes sir", bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin ló ń kọ́ni.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti gbé òfin lé ọ̀rọ̀ yìí, owó ló sì lé wọn débẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ wọn ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ ilé rẹ̀ ò tẹnu ní owó ìrànwọ́ tó ń jẹ́ Pell Grant. Ní sáà 2024 sí 2025, ó lè tó dọ́là 7,395 fún ẹnì kan. Àwọn kan á forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á gbowó, wọ́n á pòórá. Ìjọba á bi kọ́lẹ́ẹ̀jì léèrè pé ọjọ́ wo lẹ rí ẹni yìí kẹ́yìn. Wọ́n á ní ó wọlé sórí pọ́tà lọ́jọ́ báyìí báyìí. Láti oṣù keje ọdún 2011 ni òfin ti là á kalẹ̀ pé wíwọlé sórí pọ́tà lásán kì í ṣe àtẹ́ńdánsì. Gbígbé nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì ni jíjẹ oúnjẹ rẹ̀. (Òfin yẹn dárúkọ oúnjẹ ní tòótọ́. Ẹnì kan á ti dán an wò rí ni.) Ohun tí wọ́n ń kà sí ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kó ṣe ìdánwò, kó dá sí ìjíròrò orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ mọ́ ẹ̀kọ́, tàbí kó kọ̀wé béèrè ohun tí kò yé e lọ́wọ́ olùkọ́.

Mo fẹ́ràn òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ló ń ṣọ́. Àwọn olùkọ́ kan níbẹ̀ ti wá ọgbọ́n sí i báyìí: wọ́n á ṣe ìdánwò kékeré lórí ìlànà kọ́ọ̀sì lọ́sẹ̀ kìíní, ọjọ́ wo ni tẹ́ẹ̀sì, máàkì mélòó ni wọ́n fẹ́ fún iṣẹ́ àṣetiléwá. Akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ̀ ẹ́ wàrà-wàrà, kọ̀ǹpútà á fún un ní 10 nínú 10. Òfin ti rí ohun tó ń fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ò sì tíì mọ ara wọn. Àwa náà ní 75 nínú ọgọ́rùn-ún tiwa, tí a ní ọmọ gbọ́dọ̀ wá sí kíláàsì tó kó tó jókòó ìdánwò, ẹ sì mọ bí ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí yẹn ṣe ń rìn láti àga dé àga, tí ẹnì kan ń bá èèyàn mẹ́rin fọwọ́ sí i. Bí a bá gbé irú rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, irọ́ ẹ̀ náà á bá a lọ.

Kí ló ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́? Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbọ̀ngán, bí ọ̀rọ̀ ò bá yé ọmọ, ojú rẹ̀ á sọ fún yín kó tó lanu. Òun náà á wo ojú yín, á mọ̀ bóyá inú yín dùn lónìí tàbí kó fi ìbéèrè rẹ̀ pamọ́ di ọ̀la. Lórí pọ́tà, kò rí ojú kankan. Á kọ ìbéèrè rẹ̀, á kà á, á rò ó pé gírámà òun lè má dáa, á pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu á fò lọ. Èyí tó bá kọ síbẹ̀ á dúró títí sáà á fi parí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ lórí. Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá tún ní ẹrù mìíràn lórí: báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ sí Ọ̀jọ̀gbọ́n níbi tí kò ti sí àyè láti dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀? Mo ti gba ìwé tí ìkíni inú rẹ̀ gùn ju ìbéèrè lọ. Bí ẹ bá kọ ọ́ sókè pọ́tà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé, "Ẹ ti kí mi tán, ẹ máa béèrè lọ," ẹ ti bá wọn sọ ẹrù yẹn. Bí kọ́ọ̀sì yín bá sì gbà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohùn tàbí èdè Yorùbá dáhùn iṣẹ́ àkọ́kọ́.

Owó dátà tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ fóònù, gbà kí wọ́n fowó lé owó, ó sì lè tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Olùkọ́ tó bá fi fídíò ogójì ìṣẹ́jú ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti lé àwọn kan jáde kó tó kí wọn káàbọ̀. Ẹ tún wo gbèdéke. Ọ̀pọ̀ pọ́tà ló máa ń ti ilẹ̀kùn ní 11:59 alẹ́, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ṣe é lókè òkun ṣe tò ó. Dátà òru tó rọjú, èyí tí àwọn ọmọ wa ń rà, aago méjìlá òru ló ń bẹ̀rẹ̀ tí yóò fi di aago márùn-ún ìdájí. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ́yìn tí ẹ tilẹ̀kùn ni ọmọ náà rí dátà tó lè fi wọlé! Ẹ sún gbèdéke yẹn sí aago mẹ́fà àárọ̀. Kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí. Èyí tí gbogbo ayé ń ṣe ni "Ẹ sọ díẹ̀ fún wa nípa ara yín." Ẹni àkọ́kọ́ á kọ orúkọ rẹ̀ àti ìpínlẹ̀ rẹ̀, á ní inú òun dùn láti wà nínú kíláàsì yìí. Ẹnì kejì á wo tiẹ̀ kọ. Kó tó kan ẹni kẹtàlélógún, ẹni tó ń kọ ọ́ gan-an ò kà á mọ́.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ẹ bi wọ́n báyìí: "Ọjà wo ló sún mọ́ ọ jù? Lọ síbẹ̀, tàbí kí o pe ẹni tó ń ná an. Èló ni wọ́n ń ta kóńgò gàrí kan lónìí, kí sì ni ìyá tó ń tà á sọ pé ó fà á?" Gbólóhùn mẹ́ta ti tó. Ẹnì kan á mú tirẹ̀ wá láti Bódìjà, ẹnì kan láti Mile 12, ẹnì kan láti Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú á ní kí wọ́n má fi gàrí àwọn wé ti ẹlòmíì, pé ti àwọn kan, ó sì kúnná. Wọ́n á dá a lóhùn, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò ní ṣàì dá a lóhùn. Láàárín àríyànjiyàn yẹn, ẹnì kan á béèrè pé ṣé bí kóńgò ṣe tóbi n'Ìbàdàn náà ló ṣe tóbi l'Ékòó. Ẹni tó béèrè yẹn ò mọ̀ pé òun ti já sí ọ̀kan nínú ohun tó ń da àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé láàmú jù: a ò lè fi iye owó wé iye owó bí òṣùwọ̀n ò bá dọ́gba. Ẹ dárúkọ rẹ̀, ẹ sọ ọ́ lójú gbogbo kíláàsì pé ìbéèrè tirẹ̀ lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kejì. Lọ́sẹ̀ kejì náà, ẹ kó gbogbo iye tí wọ́n mú wá jọ, ẹ fi kọ́ wọn ní ohun tó ń mú ọjà wọ́n: owó ọkọ̀ láti oko, òjò, ẹ̀gẹ́ tó wọ́n gógó.

Kò sẹ́ni tó lè gba òdo nínú ìbéèrè yẹn, nítorí ọjà oníkálukú ló mọ̀. Kò sì sẹ́ni tó lè wo tẹlòmíì kọ. Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé olùkọ́ fúnra rẹ̀ ò mọ èsì. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń mọ̀ bí ẹ bá ń béèrè ohun tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ ń dán òun wò ni. Bí ó bá rí i pé òun ló ní ohun tí ẹ ń wá, á sọ̀rọ̀. Olùkọ́ nọ́ọ̀sì lè béèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fún ẹni tí ibà ń ṣe nílé wọn kí wọ́n tó gbé e lọ ọsibítù. Olùkọ́ òfin lè béèrè pé ìwé àdéhùn wo lo fọwọ́ sí kẹ́yìn láìkà á. Ìṣirò nìkan ni mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa lórí kákúlọ́ọ̀sì, kó bá mi sọ ọ́ tí a bá jáde.

Mo ṣèlérí áàpù. Moodle, tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ń lò, ní irú gbàgede ìjíròrò kan tí ẹnikẹ́ni ò fi ní rí ohun tí àwọn tó kù kọ àfi tóun náà bá kọ tirẹ̀. Canvas náà ní i. Ó dáa fún ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ má lò ó fún ti gàrí, kí ọ̀rọ̀ lè máa bí ọ̀rọ̀. Martin Dougiamas, ará Ọsirélíà tó ṣe Moodle, inú aṣálẹ̀ ló gbé dàgbà, orí rédíò ló ti ń gbọ́ olùkọ́ rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹni tó mọ bí ọ̀nà ṣe ń jìn ló ṣe é.

Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀, ẹ dá wọn lóhùn, kó má ju ọjọ́ méjì lọ. Àlejò tó dé òde àríyá tí ẹnikẹ́ni ò fún lága, á dúró díẹ̀, á wọ̀tún wòsì, á rọra yẹra. "Ó dáa, ẹ ṣeun" tí ẹ kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ogójì èèyàn kì í ṣe àga. Ẹ mú ohun kan nínú ohun tó sọ: "O ní ìyá elégàrí sọ pé ọlọ́kọ̀ ló fowó lé e. Èló ni ọlọ́kọ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀? Bá wa wádìí rẹ̀." Kò gùn, ó sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ láti padà wá.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gbọ́dọ̀ lè máa dá ara wọn lóhùn, orúkọ sì máa ń dí wọn lọ́wọ́. Nínú kíláàsì ọ̀nà jíjìn wa, ẹ ó rí ìyá tó ti ní ọmọ-ọmọ, ẹ ó rí ọ̀gá sẹkitéríàtì tó ju yín lọ lọ́jọ́ orí, ẹ ó sì rí ọmọ ogún ọdún. Pọ́tà á to gbogbo wọn sílẹ̀ lórúkọ àbísọ. Ọmọ ogún ọdún yẹn ò ní lè kọ "Fúnmiláyọ̀, mi ò gbà pẹ̀lú rẹ" sí ẹni tó lè bí i lọ́mọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, á fò ó. Nítorí náà, ẹ bi oníkálukú léèrè nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ pé kí ni kí a máa pè yín. Ẹni tó bá ní Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin olùkọ́ náà ẹ pè é ní Ìyá Ìbejì, kí ẹnu àwọn ọmọdé lè gbà á.

Gilly Salmon, olùkọ́ ará Bírítéènì tó ti ṣiṣẹ́ ní Open University wọn, to ìpele márùn-ún sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkíní ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wọlé kó sì ní ìfẹ́ láti wọlé, èkejì ni kí wọ́n mojú ara wọn, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó máa pín ìmọ̀. Mo gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí mo ti yà ni pé àwọn olùkọ́ kan ti sọ ìpele kejì di eré: ẹ dárúkọ àwọ̀ tí ẹ fẹ́ràn, ẹ fi fọ́tò ajá yín hàn wá. Àgbàlagbà tó sanwó ilé ẹ̀kọ́ ò wá ṣeré ajá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mojú ara wọn nídìí iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ní akẹ́kọ̀ọ́ 800 ti ń wò mí bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ ogún tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí olùrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀wọ́ tirẹ̀. Bí agbára yín ò bá gbé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ọ̀sẹ̀ kìíní ni kí ẹ ná an sí. Olùkọ́ púpọ̀ ló ń to agbára jọ de ìdánwò, nígbà tí àwọn tó yẹ kó jàǹfààní rẹ̀ ti lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ ṣí ìwé tí pọ́tà ń kọ pamọ́, ẹ wo àwọn tí kò tíì wọlé. Ẹ má lẹ ìkéde mọ́ pọ́tà pé "Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọlé, ẹ tètè wọlé." Ta ló fẹ́ kà á? Ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sórí fóònù wọn: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò tíì rí yín ní kíláàsì. Ṣé pọ́tà ló ń dà yín láàmú, àbí iṣẹ́?" Ẹ fún un ní ìdáhùn méjì tí kò ní ìtìjú nínú, kó mú ọ̀kan. Páswọ́ọ̀dù ni ẹlòmíì máa dárúkọ, ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́ta lè yanjú. Àwọn tó wọlé tí wọn ò sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ìwọ̀nyẹn. Ẹ dárúkọ ọjà àdúgbò wọn, kí ẹ ní kò tíì sẹ́ni tó mú iye wá láti ibẹ̀. Ní ti máàkì, ẹ fi díẹ̀ sí i, 2 tàbí 3 nínú 30, kó lè hàn pé iṣẹ́ ni.

Ó ku àwọn tó ń pẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń dúró de owó oṣù kí wọ́n tó lè san owó ilé ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni wọ́n ń yọjú. Ọ̀sẹ̀ kìíní ti onítọ̀hún ni ọ̀sẹ̀ tó wọlé, kò sì gbọdọ̀ bá ilẹ̀kùn ìjíròrò àkọ́kọ́ ní títì. Ẹ ní kó ka iye tí wọ́n kọ lóṣù tó kọjá, kó lọ wo ọjà tirẹ̀, kó sọ èyí tó yí padà àti ohun tó fà á. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nílò iye tuntun yẹn, torí náà wọ́n á dá a lóhùn.

Àkókò tí wọ́n fún mi ti tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé gbohùngbohùn fún Màmá tó nawọ́ lẹ́yìn yẹn, wọ́n ti nawọ́ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ gbèdéke.